Kòkòrò Tí Ń Sùn Nínú Sójà Ara

  

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń gba oògùn HIV máa ń bi dókítà àti nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì. Wọ́n á ní: "Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kòkòrò kò hàn níbẹ̀ mọ́. Kí ló wá dé tí ẹ ṣì ní kí n máa lo oògùn títí ọjọ́ ayé mi?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tí ibà ṣe, ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń lo oògùn, ó parí. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe, oṣù mẹ́fà ni, òun náà á sì bọ́ nínú oògùn. Ti HIV nìkan ló dà bíi pé kò lópin. Àwọn kan ti tìtorí ìbéèrè yìí da oògùn nù, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò jókòó tì wọ́n kí ó ṣàlàyé. Wọ́n ní kí wọ́n máa lò ó, wọn kò sọ ìdí. Ìdí náà ni mo fẹ́ sọ nírọ̀lẹ́ yìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wà, a sì ní láti débẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ara ní sójà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni, oríṣiríṣi sì ni wọ́n. Àwọn kan wà láàárín wọn tí à ń pè ní CD4. Ẹni tó bá ti ń lọ sí kílíníìkì HIV tipẹ́ mọ orúkọ yìí dáadáa, torí pé nígbà kan rí, iye CD4 ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó pinnu bóyá kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí kí ó dúró ná. CD4 kì í fúnra rẹ̀ pa àrùn. Àṣẹ ló ń pa. Bí kòkòrò kan bá wọ ara, òun ló ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pa ọ̀tá, òun ló sì ń sọ fún àwọn tí ń ṣe èròjà antibody pé iṣẹ́ ti dé. Bí CD4 bá tán, àwọn yòókù á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ibi tí wọn ó dojú kọ. Nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó kéré ju ẹ̀kán kan lọ fíìfíì, ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń ní CD4 bíi 500 sí 1,500. Bí ó bá ti wálẹ̀ kọjá 200, a jẹ́ pé éèdì ti wọlé nìyẹn, ohun tí kò tó nǹkan lára ẹlòmíì sì lè gbẹ̀mí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà nípa CD4 tí a gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nígbà tí ara bá bá àrùn kan jà tí ó sì ṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà tó ja ogun náà á kú. Àmọ́ ara kì í jẹ́ kí gbogbo wọn lọ. Ó máa ń dá díẹ̀ sí, kí àwọn wọ̀nyí lè rántí ojú ọ̀tá. Sẹ́ẹ̀lì ìrántí ni wọ́n. Wọn a dín iṣẹ́ kù, wọn a dín oúnjẹ kù, wọn a lọ fara balẹ̀ sínú ìfun, sínú ọlọ inú, sínú àwọn kókó kéékèèké tó máa ń wú ní ọrùn àti abíyá nígbà tí àìsàn bá wà lára. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí èéyi bá mú ní kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ tún un ní mọ́ títí tí yóò fi di arúgbó, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń gbà fún ọmọ wa, orí wọn ló gbára lé. Nínú gbogbo ohun tó wà lára wa, n kò mọ èyí tó yà mí lẹ́nu tó àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí. Àwọn gan-an ni HIV wá sọ di ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń wọlé. Èròjà àrà ọ̀tọ̀ kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì náà, òun ni a fi sọ ọ́ ní CD4. Ní 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí kòkòrò náà ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, 1984, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé àti ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi hàn pé ojú CD4 yìí ni kòkòrò ti ń di sẹ́ẹ̀lì mú. Ṣùgbọ́n ibi ìdìmú kan kò tó fún un. 1996 ni ayé tó mọ̀ pé ó tún gbọ́dọ̀ di ìkejì mú kí ó tó lè wọlé: CCR5 tàbí CXCR4. Ẹ fi CCR5 yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a.

Tó bá ti wọlé, iṣẹ́ àrà ló ń ṣe. Ohun tí a fi kọ ìwà àti ìṣẹ̀dá wa sínú sẹ́ẹ̀lì ni DNA. HIV kò gbé DNA wá. RNA ló gbé wá, èyí tí kò lè pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó wá ní èròjà kan, reverse transcriptase, tí ń sọ RNA di DNA. Howard Temin àti David Baltimore ti rí irú èròjà yìí lára àwọn kòkòrò mìíràn ní 1970, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ HIV, ó sì ya gbogbo onímọ̀ lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé DNA ló ń di RNA. Lẹ́yìn èyí ni èròjà kejì, integrase, á gé DNA sẹ́ẹ̀lì náà, á sì so ti kòkòrò mọ́ ọn láàárín. DNA tí HIV so mọ́ ibẹ̀ kò ju lẹ́tà bíi 9,700 lọ, láàárín lẹ́tà bíi bílíọ̀nù 6 tí sẹ́ẹ̀lì kan gbé. Láti ìgbà náà lọ, sẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́ sí ohun tó jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, ẹ̀dà kòkòrò náà á wà nínú méjèèjì.

Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà lójúfò, tí ń ṣiṣẹ́, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ lójú ẹsẹ̀. Ní 1996, Alan Perelson, David Ho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé ẹni tí kò lo oògùn ń bí kòkòrò tuntun bíi bílíọ̀nù 10 lójúmọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ń bí wọn kì í sábà pẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ kó tó kú. Inú ìfun ni èyí ti máa ń le jù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ CD4 onírántí ń gbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹni náà rò pé òtútù tàbí ibà lásán ló ń ṣe òun, HIV ti lè run èyí tó pọ̀ jù nínú wọn níbẹ̀.

Ká ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí HIV bá wọ̀ ló ń kú bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Dá kòkòrò dúró kí ó má lè wọ sẹ́ẹ̀lì tuntun, dúró kí àwọn tó ti wọ̀ kú tán, èèyàn á gba òmìnira. Ìrètí tó gba ayé nìyẹn lẹ́yìn 1996, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa oògùn mẹ́ta pọ̀. Àwọn tí ikú ti ń bá jẹun dìde lórí ìbùsùn. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí èèyàn bá fi ọdún méjì sí mẹ́ta lo oògùn láì dáwọ́ dúró, kòkòrò lè tán pátápátá lára.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Sẹ́ẹ̀lì kan lè wà tí HIV wọ̀ ní ìgbà tó ń múra àtisinmi. Ogun ti parí lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ń padà sí ìdákẹ́jẹ́, ó ń di sẹ́ẹ̀lì ìrántí. Kòkòrò ti so DNA rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ kí ó tó sinmi. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì sì sùn, kòkòrò inú rẹ̀ náà sùn. Kò bímọ. Kò pa sẹ́ẹ̀lì. Kò fi àmì kankan hàn lójú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn sójà yòókù fi lè mọ̀ pé ọ̀tá wà níbẹ̀. Ní 1997, ikọ̀ onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, ti Robert Siliciano ní Baltimore, ti Anthony Fauci ní Bethesda, àti ti Douglas Richman ní San Diego, mú sẹ́ẹ̀lì ìrántí láti ara àwọn tí oògùn ti ṣiṣẹ́ fún dáadáa, tí kòkòrò kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn rárá. Wọ́n jí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà nínú ìgò. Kòkòrò jáde, ó yè, ó sì lè ran sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: nínú mílíọ̀nù kan tí ń sinmi, ọ̀kan péré ni tàbí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà tó.

1997 kan náà ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Ẹ rántí irú ìgbà tí ìgbà náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ń sọ pé irọ́ ni éèdì, pé àwọn òyìnbó ló gbé ìtàn náà kalẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ ló wá dá orúkọ ìdílé rẹ̀ lé e. N kò rò pé ìpolówó ìlera kan ti ìgbà náà já geere wọ ilé àwọn èèyàn bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Oògùn mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò tíì dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù nílẹ̀ wa nígbà yẹn. 2002 ni ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn, fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000, nígbà tí àwọn tó nílò rẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn tó kú ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú wọn ni ì bá ṣì wà pẹ̀lú wa lónìí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì tí ń sùn yìí ṣe ń pẹ́ tó? Ikọ̀ Siliciano tẹ̀ lé àwọn aláìsàn fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń ka sẹ́ẹ̀lì náà lemọ́lemọ́. Ní 2003 wọ́n ní bíi oṣù 44 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fi ń dín sí ìdajì. Bí wọ́n bá ń dín bẹ́ẹ̀, yóò gba ohun tó lé ní 70 ọdún kí wọ́n tó tán, pẹ̀lú oògùn lílò lójoojúmọ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ẹ̀kan. Ẹ lè fi iná sun ún, kí oko dúdú pátá, kí ẹni tó ń kọjá lọ rò pé koríko ti tán. Òjò kan ṣoṣo ni, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ á tún hù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wo orí oko. Gbòǹgbò ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ohun tó tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé sẹ́ẹ̀lì ìrántí kì í kàn jókòó. Iṣẹ́ tí ara dá a fún ni pé bí ọ̀tá tó mọ̀ bá tún dé, kí ó jí, kí ó pín ara rẹ̀ sí púpọ̀. Bí àrùn tí kò bá HIV tan rárá bá jí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ó lè bí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wọn gbé ẹ̀dà HIV kan náà, láìjẹ́ pé kòkòrò kan ṣoṣo jáde. Àwọn onímọ̀ ti rí irú ìdílé sẹ́ẹ̀lì báyìí, tí gbogbo wọn ní HIV ní ojú kan náà gẹ́lẹ́ lórí DNA wọn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀dà HIV tó wà lára èèyàn ló ti bàjẹ́, tí kò lè bímọ mọ́. Àwọn díẹ̀ tó pé ni ìṣòro.

CD4 onírántí sì kọ́ ni ibùba kan ṣoṣo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń jẹ ìdọ̀tí ara, macrophage, tí HIV lè gbé inú wọn láì tètè pa wọ́n. Àwọn ìbátan wọn wà nínú ọpọlọ, èyí sì wà lára ìdí tí HIV tí a kò tọ́jú fi ń bá ìrántí àti ìrònú èèyàn jà. Nínú àwọn kókó ọrùn àti abíyá tún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó máa ń di kòkòrò mú sí ojú wọn, wọ́n á máa fi han CD4 tó bá ń kọjá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kòkòrò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè. Oríṣi HIV tó gbilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń jẹ́ CRF02_AG. Èyí tí àwọn onímọ̀ lágbàáyé fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, tí wọ́n fi ń wo àwọn yòókù, láti Ìbàdàn ló ti wá. Wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1994, IbNG ni wọ́n sì pè é: Ìbàdàn, Nàìjíríà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé oògùn wá sójú ọ̀nà. Hóró kan lójúmọ́ tí ọ̀pọ̀ ń gbà ní kílíníìkì lónìí, TLD, èròjà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Tenofovir àti lamivudine ń dí ọ̀nà reverse transcriptase, kí RNA kòkòrò má lè di DNA. Dolutegravir ń dí ọ̀nà integrase, kí DNA kòkòrò má lè so mọ́ ti sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo wọn ló ń mú kòkòrò lẹ́nu iṣẹ́. Kòkòrò tó bá ń sáré láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, oògùn á bá a níbẹ̀. Èyí tó ti so mọ́ DNA, tí ń sùn, kò ṣe iṣẹ́ kankan tí oògùn lè dá dúró. Oògùn kò rí i. Àyẹ̀wò viral load náà kò rí i, nítorí kòkòrò tó ti jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kà. Bí nọ́ọ̀sì bá wá sọ fún yín pé kòkòrò kò hàn, òtítọ́ ló sọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé èyí tó bá jí lónìí, oògùn kò ní jẹ́ kó ran sẹ́ẹ̀lì kejì. Ẹ da oògùn nù, èyí tó bá jí kò ní alátakò mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á tún kún.

Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n pè ní SMART, èèyàn 5,472 ló kópa nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ìdajì máa lo oògùn láì dáwọ́ dúró, kí ìdajì kejì máa dá a dúró nígbà tí CD4 wọn bá ti dára, kí wọ́n sì padà sí i bí ó bá wálẹ̀. Ní 2006 wọ́n ní láti dá ètò náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí àwọn tí ń dá oògùn dúró ń ṣàìsàn, wọ́n sì ń kú, ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ àwọn yòókù.

Ẹjọ́ ọmọ kan tún wà ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. 2010 ni wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ ní HIV. Ọgbọ̀n wákàtí lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ti fún un lóògùn. Nígbà tó pé bí ọdún kan ààbọ̀, wọn kò rí òun àti ìyá rẹ̀ ní kílíníìkì mọ́, oògùn sì dáwọ́ dúró. Ìgbà tí wọ́n tún rí wọn, kòkòrò kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Inú gbogbo ayé dùn. Wọ́n ní ó ti sàn. Oṣù 27 ló lò láì lo oògùn. Ní 2014, kòkòrò padà. Gbogbo ìgbà yẹn ló ti ń sùn níbì kan. Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ní Boston sọ àbájáde ìwádìí lára ọ̀bọ: wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọjọ́ kẹta tí kòkòrò wọlé, kí ó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rárá, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, ó tún yọ.

Ẹnìkan kò ha ti sàn rí bí? Àwọn kan ti sàn. Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Berlin, ní HIV, ó sì tún ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2007 àti 2008, dókítà rẹ̀, Gero Hütter, fi sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Ẹni tí ó yàn láti fi sẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bí láì ní CCR5 tó pé. CCR5 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn: HIV dé, kò rí ibi dìmú. HIV kò padà sára Brown mọ́ títí ó fi kú ní 2020, jẹjẹrẹ rẹ̀ ló sì padà tó pa á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adam Castillejo ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò pọ̀. Ìtọ́jú náà léwu débi pé ẹni tí jẹjẹrẹ ti fẹ́ pa nìkan ni wọ́n lè ṣe é fún, àwọn tí wọ́n sì bí láì ní CCR5 tó pé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàárín àwa ènìyàn dúdú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń mú orúkọ Brown ta àgbo fún yín, ẹ mọ̀ pé kò sí àgbo kankan nínú ìtàn Brown.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á ní àwọn ti fọ HIV kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀rí ni èsì àyẹ̀wò viral load tí oògùn kílíníìkì ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀! Àwọn mìíràn á ní kí èèyàn fi oògùn sílẹ̀ láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì gbà pé kò sí àdúrà tó ní kí a pa oògùn tì. Àánú àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ń ṣe mí gidigidi, nítorí pé oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dá oògùn dúró, ara wọn á ṣì le. Wọ́n á máa jẹ́rìí. Kòkòrò sì ti jí. Ìgbà tí ara bá fi hàn, CD4 ti ń lọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun rere wà nínú èsì tó bá sọ pé kòkòrò kò hàn, tí a kì í sọ síta tó. Ẹni tí kòkòrò kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń lo oògùn déédéé, kì í fi HIV ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ìwádìí lọ́dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọkọtaya ti fìdí èyí múlẹ̀. Wọ́n ń ṣègbéyàwó, wọ́n ń bímọ, ara ọmọ ń dá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ṣe àyẹ̀wò ìka lásán, èsì rẹ̀ á ṣì máa sọ pé HIV wà, nítorí antibody tí ara ti ṣe ni àyẹ̀wò yẹn ń wò. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ka ìyẹn léèwọ̀ láti 2014.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dá oògùn dúró, kílíníìkì ṣì wà. Ẹ padà. Ẹ sọ òtítọ́ iye ìgbà tí ẹ ti fi sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ àyẹ̀wò tó yẹ. Kò sí ẹni tó tọ́ kó bú yín. Bí nọ́ọ̀sì kan bá pariwo mọ́ yín, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ọ̀gá rẹ̀. Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ní oṣù kìíní 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró lójijì, ìpayà sì bá àwọn tí ń gba oògùn jákèjádò ilẹ̀ wa. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù ní oṣù kejì láti fi ra oògùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń sọ látàárọ̀ yìí kò mọ ìṣèlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oògùn kò bá sí lórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fún un. Owó oògùn HIV yẹ kó ti inú àpò tiwa jáde lọ́dọọdún, kí ó má jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè pa bí iná mànàmáná.

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ gbera o. Àwọn kan ń wá oògùn tí yóò jí kòkòrò tí ń sùn, kí àwọn sójà ara lè rí i kí wọ́n pa á. Àwọn mìíràn fẹ́ kó sùn wọra, kó má jí mọ́ láé. Ní Durban, ní South Africa, Thumbi Ndung'u àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá obìnrin 20 ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kété tí kòkòrò wọ̀ wọ́n. Wọ́n fún wọn ní oògùn kan tí ń ta sójà ara jí, pẹ̀lú antibody méjì tó lágbára, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá oògùn ojoojúmọ́ dúró lójú dókítà. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lemọ́lemọ́, ẹni tí kòkòrò bá sì ti padà sí lára, oògùn ni wọ́n dá a padà sí. Nígbà tí wọ́n sọ àbájáde rẹ̀ ní oṣù kẹta 2025, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sórí oògùn. Mẹ́rin ṣì wà láì lò ó. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn mẹ́rin náà tí kò sí nínú ti àwọn yòókù.